Ìgbà Omi Dídùn, Ìgbà Omi Iyọ̀: Ìtàn Àkùrọ̀ Ẹnu Odò Sẹ̀nẹ̀gà

Ní ìlú Saint-Louis, tí àwọn Wolof ń pè ní Ndar, odò yí ìlú ká lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ òùngbẹ bá àwọn ará ibẹ̀ fínra fún ohun tó ju igba ọdún lọ. Erékùṣù ni ìlú náà. Inú odò Sẹ̀nẹ̀gà ló jókòó sí, nítòsí ibi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun, àwọn Faransé sì tẹ̀ ẹ́ dó ní 1659. Láti Oṣù Kẹjọ títí di apá ìparí ọdún, ẹni tó bá bu omi odò, omi dídùn ló bù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tán, ojú ibi kan náà tó ti bù ú, igbá kan náà, omi ti di iyọ̀ tí kò ṣe é fi ṣan ẹnu. Odò kò ṣí kúrò níbi tó wà, òkun náà kò ṣí. Àwọn méjèèjì ń ti ara wọn ni, ẹni tó bá lágbára ní sáà náà ló ń ti ẹnìkejì sẹ́yìn.

Ọ̀nà jíjìn ni omi dídùn náà ti ń bọ̀. Orí òkè Fouta Djallon ní ilẹ̀ Gíní ni orísun rẹ̀. Odò Bafing àti Bakoye pàdé ní Bafoulabé ní ilẹ̀ Málì, ibẹ̀ ni orúkọ Sẹ̀nẹ̀gà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, odò náà di ààlà láàárín Sẹ̀nẹ̀gà àti Moritáníà títí ó fi dé òkun. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,800 kìlómítà. Òjò tó ń rọ̀ ní Gíní láti Oṣù Kẹfà kì í dé ẹnu odò títí di Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni odò ń kún àkúnya, tí ó ń tàn ká gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹnu odò fúnra rẹ̀ kò ní òjò tó lè fi yangàn: ohun tó ń rọ̀ níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin òjò Èkó, oòrùn sì ń gba omi lọ́wọ́ ilẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ohun tó rọ̀.

Bí àkúnya bá ti fà, òkun a wọlé. Pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹní, ìsàlẹ̀ odò sì jìn ju ojú òkun lọ títí dé ọ̀nà jíjìn nínú ilẹ̀, nítorí náà kò sí òkè tí yóò dá omi òkun dúró. Iyọ̀ bíi gíráàmù 35 ló wà nínú lítà omi òkun kan, èyí ló mú kó wúwo ju omi odò lọ. Kì í gba orí wá. Abẹ́ ló ń gbà, tí ó ń rá lórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, tí omi dídùn ṣì ń ṣàn lókè rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó dí odò Sẹ̀nẹ̀gà, omi iyọ̀ a máa wọ inú rẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ará Dagana tí kò fojú kan òkun rí láyé rẹ̀ a máa tọ́ ọ wò nínú ìkòkò omi ilé rẹ̀.

Iyọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju ti ọdọọdún lọ. Ní nǹkan bí 5,500 ọdún sẹ́yìn, òkun bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí mọ́lẹ̀. Nígbà tó padà sẹ́yìn, ó fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì níyọ̀ títí dòní, àwọn ibì kan wà tó ju ti òkun gan-an lọ. Àgbẹ̀ tó bá ń da omi sí oko láì la ọ̀nà tí omi náà yóò gbà jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń pè wá sókè. Oòrùn á fa omi lọ, á fi iyọ̀ sílẹ̀ lójú ilẹ̀, funfun báláú bí ẹni gbọn ìyẹ̀fun sí i. Kí a má tíì gbàgbé iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yìí. Ó ń bọ̀ wá gbẹ̀san.

Waalo ni àwọn Wolof àti Fúlàní etí odò ń pe ilẹ̀ tí omi ń bò tó sì tún ń fi sílẹ̀. Ìjọba kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Waalo, Brak ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní àkùrọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ àkùrọ̀ tiwọn kì í ṣe etí odò kékeré tí ènìyàn ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́yìn òjò. Ọ̀pọ̀ kìlómítà ni, ojú kò ká a. Lókè díẹ̀ sí ẹnu odò, wọ́n ń gbin ọkà bàbà sínú ẹrẹ̀ tútù bí omi bá ti ń fà. Àwọn darandaran ń tẹ̀ lé koríko tó hù lẹ́yìn omi. Ẹpìyà àti àrọ̀ ń bá àkúnya wọ inú koríko lọ yé ẹyin sí. Nígbà tí iyọ̀ bá sì dé, àtòkò àti àwọn ẹja òkun mìíràn á gba ẹnu odò wọlé wá jẹ. Igi ẹ̀gbà tó wà nítòsí òkun ń fẹ́ omi méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn ewé omi àti ìféèfé tó bá fẹ́ ya bo gbogbo ojú omi nígbà òjò, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dá wọn lẹ́kun. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé iyọ̀ ló ń bá àkùrọ̀ náà roko.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn tó wá tún odò náà ṣe kò ka iyọ̀ sí òṣìṣẹ́. Olè ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì wá ilẹ̀kùn tí wọn yóò tì mọ́ ọn.

Àwọn ará Saint-Louis ló kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn. Omi òjò ni wọ́n ń gbè, ọkọ̀ ojú omi sì ń lọ pọn omi láti òkè odò wá fún wọn nínú àgbá. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn Faransé gbé ẹ̀rọ alágbára kalẹ̀ ní Makhana, lókè ìlú, láti máa fa omi dídùn tí wọ́n há mọ́ inú ẹ̀ka odò kan wá sí ìlú nínú páìpù. Inú ẹ̀ka odò náà ni wọ́n há a mọ́, ìyẹn sì ni ọgbọ́n tí wọn yóò máa lò láti ìgbà náà lọ: nígbà tí omi dídùn bá wà níta, ẹ gbà á wọlé, nígbà tí iyọ̀ bá dé, ẹ ti omi dídùn náà mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ oko ṣòro ju ti omi mímu lọ. Ní 1819, gómìnà tó ń jẹ́ Julien Schmaltz bá Brak àti àwọn ìjòyè Waalo ṣe àdéhùn kí àwọn Faransé lè dáko létí odò. Òwò ẹrú ti di èèwọ̀ fún wọn, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kó òwú àti ẹ̀lú ní Áfíríkà dípò kí wọ́n kó ènìyàn lọ gbìn ín ní Amẹ́ríkà. Baron Roger tó di gómìnà ní 1822 tẹra mọ́ ọn. Ó gba olùtọ́jú ọgbà kan tó ń jẹ́ Richard, ọkùnrin yìí sì gbin onírúurú ewéko sí ibi tí odò Taouey ti ya lọ sí adágún Guiers. Ọgbà ni toll nínú èdè Wolof. Richard-Toll, ọgbà Richard, ni ìlú náà ń jẹ́ títí dòní. Orúkọ ọgbà ló ṣẹ́kù, oko òwú kò ṣẹ́kù. Láàárín bíi ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ náà ti dojú dé: àwọn ènìyàn Waalo kò fẹ́ fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, àwọn Trarza láti òdìkejì odò ń gbógun wá, ilẹ̀ kò gba òwú bí wọ́n ṣe rò, iyọ̀ sì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Adágún Guiers ni ibi tí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Àkúnya ń gba Taouey wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí odò bá fà, omi adágún á tún ṣàn padà síta, iyọ̀ á sì wọlé dípò rẹ̀. Ní 1947 wọ́n parí afárá onílẹ̀kùn kan sórí Taouey ní Richard-Toll. Wọ́n á ṣí i fún àkúnya, wọ́n á tì í kí ó tó fà. Adágún tó ń di iyọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ìkòkò omi orílẹ̀-èdè: láti 1971 ni wọ́n ti ń fa omi rẹ̀ lọ sí Dakar, ìlú tó jìn ju 200 kìlómítà lọ, àwọn ará Dakar sì ń mu ún títí dòní. Àṣeyọrí ńlá ni. Mo rò pé àṣeyọrí yẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn ẹnjiníà gbà pé ohun tó ṣeé ṣe fún adágún ṣeé ṣe fún odò.

Ní 1964, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira mọ ògiri yẹ̀pẹ̀ gígùn sí etí odò ní apá tirẹ̀, láti ìtòsí Saint-Louis lọ dé Richard-Toll, tó gùn tó nǹkan bíi 80 kìlómítà. Kí àkúnya má baà wọ oko ìrẹsì bó ṣe wù ú ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Ilẹ̀kùn ni yóò máa gbà wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n dá iléeṣẹ́ SAED sílẹ̀ láti máa rí sí iṣẹ́ oko náà. Nínú ilẹ̀ tí ògiri yẹn yí ká ni Djoudj wà, ilẹ̀ olómi tí ẹyẹ ti ń wá láti ilẹ̀ Yúróòpù sinmi sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní 1971 ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Hẹ́kítà 16,000 ni lónìí, ẹyẹ òfú sì ń kó ara wọn jọ níbẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún láti pamọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dé. Láti 1968 títí di 1973, òjò kọ̀ jálẹ̀ ní gbogbo Sahel, àkúnya kò wá bó ṣe yẹ, iyọ̀ sì wọ inú odò jìnnà. Màlúù kú, oko gbẹ. Ní 1972, Málì, Moritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gà dá ẹgbẹ́ OMVS sílẹ̀ láti jọ máa ṣàkóso odò náà. Gíní tó ni orísun dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006. Dáàmù méjì ni wọ́n pinnu láti kọ́. Ọ̀kan wà ní Manantali lórí Bafing ní Málì, láti gba omi òjò dúró kí wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Èkejì ni Diama, tí kò tó 30 kìlómítà sí Saint-Louis. Diama kò wà fún iná mànàmáná. Ìlẹ̀kùn ni, olórí iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí òkun má wọlé mọ́. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1986.

Ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Láti ọdún yẹn, omi tó wà lókè Diama jẹ́ omi dídùn láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ̀. Àgbẹ̀ lè gbin ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìrèké Richard-Toll ń rí omi mu, Dakar ń rí omi mu. Kò yẹ kí ẹni tó ń sọ àléébù Diama gbójú fo èyí dá.

Àmọ́ ẹni tó ń bá àkùrọ̀ roko ni wọ́n lé lọ yẹn. Irú ìféèfé kan tí wọ́n ń pè ní Typha ti wà níbẹ̀ tipẹ́, iyọ̀ ni kò jẹ́ kó gbérí. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ya bo etí odò, ojú-ìṣàn omi oko àti adágún, tí apẹja kò rí ibi tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ gbà mọ́. Ẹyẹ kéékèèké tó ń jẹ ìrẹsì wá fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ojú oró tàn ká inú Djoudj. Àwa tó jẹ́ pé nínú àdúrà la ti ń dárúkọ ojú oró, pé kí a máa lékè bíi tirẹ̀, ó yẹ ká bi apẹja léèrè ohun tó ń rí nígbà tí ojú oró bá lékè tán. Ní 1999, ewé kan tó burú jù ú lọ dé, Salvinia molesta, ọmọ ilẹ̀ Brasil, tó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó bo ojú omi bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kò wọlé, ẹyẹ kò rí ẹja. Ní 2000, UNESCO, tó ti ka Djoudj mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1981, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, torí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ rí láti 1984 sí 1988 nígbà tí ìbẹ̀rù Diama gbòde. Kòkòrò kékeré kan tí kò ní oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí Salvinia ni wọ́n kó wá láti Gúúsù Áfíríkà, òun ló sì jẹ ewé náà run láàárín bíi ọdún méjì. Djoudj jáde nínú ìwé ewu ní 2006.

Àwọn ará Èkó mọ irú ìtàn yìí láti òdìkejì. Ní 1984, water hyacinth, ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn, gba ipa omi Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì wọ ọ̀sà Èkó. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń fa àwọ̀n ya. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sà gan-an, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọ̀ tí omi òkun gba ẹnu ọ̀sà wọlé, ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á rà, á rì. Òjò ọdún tó ń bọ̀ ló ń gbé òmíràn wá láti inú odò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ yìí fún iyọ̀.

Èyí tó dun àwọn ènìyàn jù lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé. Ní 1988, àwọn dókítà ní Richard-Toll bẹ̀rẹ̀ sí í rí àtọ̀sí ajá ti inú ìfun, àìsàn tí wọn kì í rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣáwùrú kan ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Ìṣáwùrú yìí kò fara da iyọ̀, omi tó dúró jẹ́ẹ́ láàárín ewé ló fẹ́. Diama àti ojú-ìṣàn oko ìrèké fún un ní méjèèjì. Láàárín ọdún mélòó kan, ìlú náà di ọ̀kan lára ibi tí àìsàn náà ti gbilẹ̀ jù lọ láyé. Omi tó di dídùn kí ènìyàn lè mu ún ni ènìyàn wá ń bẹ̀rù láti tẹsẹ̀ bọ̀.

Iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà sì jí. Lẹ́yìn Diama, àwọn tó lówó sá lọ gba ilẹ̀, wọ́n gé e sí oko ìrẹsì kíákíá, wọ́n la ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú wọn kò la èyí tó ń gbà jáde. Iṣẹ́ ọ̀nà ìjáde wọ́n, kò sì hàn sójú ẹni tó wá ṣèbẹ̀wò. Lẹ́yìn ìkórè mélòó kan, ojú oko ti funfun, ìrẹsì kò hù mọ́, olóko ti lọ gé ilẹ̀ mìíràn. Bí ó ṣe rí nìyẹn ní àwọn ọdún 1990: òkun kò lè wọlé mọ́, iyọ̀ ṣì ń gba oko.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àkùrọ̀ ti yí padà. Nínú Djoudj, omi tó wà lẹ́yìn ògiri ga ju ti inú ọgbà lọ nísinsìnyí, tó fi jẹ́ pé ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣí ní ìgbàkígbà, omi á wọlé. Ìdánwò ni èyí. Tí omi bá kún ọgbà jálẹ̀ ọdún, Typha ló máa gbà á. Nítorí náà wọ́n ń fara wé odò àtijọ́: wọ́n á gba omi wọlé nígbà òjò, ẹja á bá a wọlé, ẹyẹ òfú á pamọ; wọ́n á wá jẹ́ kí omi máa lọ sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń le, kí ilẹ̀ lè gbẹ, kí oòrùn lè jó gbòǹgbò ewé. Ohun tó ṣòro ni pé àwokòtò ni Djoudj. Omi tó wọlé ń gbẹ, iyọ̀ tó bá a wá kì í gbẹ, bí kò bá sì ríbi jáde, ọdọọdún ni yóò máa pọ̀ sí i.

Òdìkejì odò, ní Moritáníà, ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìsàlẹ̀ Diama ni ibẹ̀ wà, ìyẹn ni pé apá òkun ni dáàmù fi í sí. Àkúnya tó máa ń kọjá níbẹ̀ lọ́dọọdún kò wá mọ́, òkun nìkan ló kù, oòrùn sì ń mú omi òkun gbẹ títí iyọ̀ rẹ̀ fi ju ti òkun lọ. Igi ẹ̀gbà kú. Apẹja kó àwọ̀n rẹ̀ lọ sí ìlú. Àwọn obìnrin tó ń fi koríko Sporobolus hun ẹní, ẹní ilẹ̀ Moor tí wọ́n ń fi awọ so pọ̀, kò rí koríko gé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àìsí omi dídùn ń ṣe, ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àìsí iyọ̀ ń ṣe, ẹ wo òkè dáàmù. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ní 1991, Moritáníà dá ọgbà Diawling sílẹ̀ níbẹ̀, hẹ́kítà 16,000 lórí ilẹ̀ tó ti kú tán. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ IUCN, wọ́n fi ìlẹ̀kùn sí ara ògiri yẹ̀pẹ̀ tó wà létí odò, ní Lemer àti Cheyal, wọ́n sì mọ ògiri kéékèèké tó pín pẹ̀tẹ́lẹ̀ sí àwokòtò-àwokòtò. Láti 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe àkúnya. Olivier Hamerlynck àti Stéphanie Duvail wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà tí wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n kọ. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ń jẹun nínú ilẹ̀ náà: ìgbà wo ni omi máa ń dé láyé àtijọ́? Báwo ló ṣe máa ń jìn tó? Ìgbà wo ló máa ń lọ? Apẹja fẹ́ kí omi pẹ́ kí ẹja lè tóbi. Darandaran fẹ́ kó tètè lọ kí koríko lè hù fún màlúù. Ahunní fẹ́ kó bo Sporobolus fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má jìn jù, kó má pẹ́ jù. Àárín ohun tí gbogbo wọn fẹ́ ni wọ́n fi ìlẹ̀kùn sí. Omi ń wọlé láti nǹkan bí Oṣù Keje, wọ́n á jẹ́ kó ga sókè títí òjò fi lọ, wọ́n á wá tì í. Ilẹ̀ á gbẹ, òkun á sì gba àwokòtò Ntiallakh wọlé wá bá omi dídùn tó ṣẹ́kù.

Ẹja ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n pa ní 1992 kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ní 1998 ó ti lé ní 100. Ẹyẹ omi tí wọ́n kà ní 1992 kò ju bíi 2,000 lọ. Lọ́dún 1998 wọ́n ka ohun tó ju 35,000. Igi ẹ̀gbà rú ewé padà. Àwọn obìnrin padà sídìí ẹní. Mo fẹ́ràn pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n omi níbẹ̀, koríko ẹní wà nínú rẹ̀: tí ahunní bá ní koríko kúrú, ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn mọ̀ pé omi òun kò tó.

Àmọ́ odò tí ènìyàn ń ṣàkóso lójoojúmọ́ kò ní kó má dẹ́rù bani lọ́jọ́ kan. Ní Oṣù Kẹwàá 2003, omi òkè wálẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, Saint-Louis sì fẹ́ rì. Iyanrìn tín-ín-rín gígùn kan ló dúró láàárín odò àti òkun níbẹ̀, Langue de Barbarie ni orúkọ rẹ̀, ẹnu odò sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi 30 kìlómítà sí ìlú. Lóru, wọ́n mú katakata, wọ́n gbẹ́ ojú-ìṣàn kan la iyanrìn náà já ní bíi kìlómítà méje sí ìlú. Kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, jíjìn rẹ̀ kò tó mítà méjì. Omi ìlú fà. Ṣùgbọ́n ojú-ìṣàn náà kò dúró sí mítà mẹ́rin: láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti lé ní 200, nígbà tó yá ó di kìlómítà, ó sì di ẹnu odò gan-an. Ẹnu àtijọ́ dí. Òkun tó ti máa ń rin 30 kìlómítà kó tó kan ìlú wá dé ẹ̀yìn ilé. Erékùṣù Doun Baba Dièye, tí ìjì òkun kò lè kàn tẹ́lẹ̀, dojú kọ ẹnu odò tuntun náà, òkun sì gbé abúlé tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ní Gandiol, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà sínú iyanrìn pẹ̀lú omi kànga, kànga di iyọ̀.

Ní 1885, àwọn Faransé kan náà ti gbẹ́ irú rẹ̀ ní Kútọnu, fún ìdí kan náà: kí omi má baà bo ìlú. Adágún Nokoué tó wà lẹ́yìn ìlú, tó sì bá ọ̀sà Àjàṣẹ́ tan, di adágún tó ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà náà wá. Ẹja òkun àti edé wọ inú rẹ̀, apẹja rí nǹkan pa. Iyanrìn tí wọ́n la já kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ẹja ló ń pa tàbí àlùbọ́sà ló ń gbìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ edé. Kí Diama tó wà, edé odò ńláńlá kan, Macrobrachium vollenhovenii, máa ń gbé inú odò Sẹ̀nẹ̀gà. Inú omi dídùn ló ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè láìsí iyọ̀. Abo a máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu odò láti bímọ, àwọn ọmọ á sì wọ́ padà sókè bí wọ́n bá ti lágbára. Dáàmù gé ọ̀nà náà, edé sì fẹ́ẹ̀ pòórá lókè rẹ̀. Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ rántí pé edé yìí ń jẹ ìṣáwùrú. Susanne Sokolow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó edé padà sí ibi tí àwọn ará abúlé Lampsar ti ń pọn omi tí wọ́n sì ń fọṣọ, wọ́n fi àwọ̀n há a mọ́ kó má lọ, ní 2015 wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ìṣáwùrú tó ní kòkòrò àtọ̀sí ajá dín kù púpọ̀ níbẹ̀, àìsàn náà sì rọlẹ̀ lára àwọn ará abúlé. Edé tó wà nínú àwọ̀n kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ bímọ, torí náà wọ́n ní láti máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin ọmọ edé yẹn lókè Diama, ó di dandan kó po iyọ̀ mọ́ omi fún un.